Ẹ Má Fi Tọ́ọ̀ṣì Nìkan Dá Owó Mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà ní Ìsundunrin. Ọmọ mi tó wà ní Àbíjàn fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, iná rẹ̀ dà bí àwọ̀ àlùkò. Ó ní kí n máa fi yẹ owó wò kí wọ́n má baà kó ayédèrú fún mi. Mo tún gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ohun tín-ń-tín kan tó ń tàn, tí kò ní í jẹ́ kí wọ́n rí ayédèrú ṣe mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n gbẹ́kẹ̀ lé tọ́ọ̀ṣì yìí? (Ìyá Onígàrí, Ìsundunrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Màmá. Ajé á wọ igbá o. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹn sápò, ó wúlò. Àmọ́ ẹ má fi òun nìkan dá owó mọ̀.

Ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan náírà tó dá yín lójú, ẹ wọ ibi tó ṣókùnkùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nọ́ńbà dúdú tó wà ní ìbú owó náà yóò di àwọ̀ ewé. Bébà owó fúnra rẹ̀ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ tàn, torí òwú ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wá tan iná kan náà sí ìwé àwọn ọmọ iléèwé: á mọ́lẹ̀ bí aró, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sọ bébà di funfun. Ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà lásán máa ń tàn bẹ́ẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Irú kẹ́míkà yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí náà owó gidi tí wọ́n gbàgbé sápò aṣọ, tí wọ́n fọ̀ mọ́ ọn, lè máa tàn bí ayédèrú. Oníjìbìtì náà sì lè rí yíǹkì tó ń tàn rà.

Ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò fẹ́ dí ojú ihò yẹn. Bí a bá pín mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ni náńómítà. Náńómítà mélòó kan péré ni ìwọ̀n àwọn ohun tín-ń-tín tí wọ́n ń pè ní quantum dot. Bí ohùn omele ṣe ń ga, tí ti ìyá ìlù ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n wọn ṣe ń yí àwọ̀ wọn padà: èyí tó kéré ń tàn bí aró, èyí tó tóbi díẹ̀ ń tàn pupa, èròjà kan náà sì ni. Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov gba Ẹ̀bùn Nobel lórí wọn lọ́dún 2023. Irú mìíràn, tó ní ytterbium àti erbium nínú, ń gba ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa kò lè rí, á sì tan àwọ̀ ewé tí ojú ń rí jáde. Yíǹkì ọjà lásán kò lè ṣe èyí.

Òótọ́ ni pé ó ṣòro láti ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé ayédèrú ti tán. Ẹ̀rọ ló sábà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì sí nídìí igbá yín. Ààbò tí ẹni tó ń gbowó kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010 fi wù mí: ẹni tó ra oògùn á họ ara páálí, á fi nọ́ńbà ibẹ̀ ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, èsì á sì dé sórí fóònù rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí àwọn tó ń ṣe ohun tín-ń-tín yìí náà máa ro tẹni tó wà lọ́jà nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ fi ìka pa owó lára, ìtẹ̀wé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga sí yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, kí ẹ wo àwòrán tó fara sin àti okùn tó gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ má gbà á. Bó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, báńkì ni kí ẹ gbé e lọ. Òfin Báńkì Àpapọ̀ (CBN) ti 2007 la ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe ayédèrú owó, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ná an náà rúfin. Gbogbo àyẹ̀wò yìí, ojú oníbàárà ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tó wọn kóńgò, kí ẹ sì tó fún un ní ṣéńjì.