Bí Eegun Ìbàdí Àgbàlagbà Bá Kán

Bí ìyá àgbà kan bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní Ìyárá, tí kò sì lè dìde mọ́, àwọn ará ilé a máa wí pé ọjọ́ ogbó ti dé. Wọn a tẹ́ ẹ sí orí ẹní, wọn a sì máa dúró de ọmọ tí ó wà ní Èkó. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí ni pé ìdúró náà léwu ju ìṣubú lọ.

Òkè eegun itan, lẹ́bàá oríkèé ìbàdí, ni ó sábà máa ń kán. Aláìsàn kò ní lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ náà lè kúrú ju èkejì lọ, kí ó sì yí síta.

Eegun tí ó kán kọ́ ni ó sábà máa ń pa arúgbó, bí kò ṣe ìdùbúlẹ̀ pípẹ́. Òtútù àyà a máa mú un. Ẹ̀jẹ̀ a máa dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Egbò a máa yọ ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 1 nínú 4 irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni ó ń kú kí ọdún 1 tó pé. Ewu náà pọ̀ jù fún ẹni tí ogbó rẹ̀ ti jìnnà, fún ọkùnrin, fún ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra, àti fún ẹni tí kò jẹun kánú.

Ní ọdún 1931, Dókítà Smith-Petersen ti Boston ní Amẹ́ríkà ròyìn bí a ṣe ń fi ìṣó irin mú eegun náà pọ̀. Ní ọdún 1962, Dókítà John Charnley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísinsìnyí ni pé kí a ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn tàbí ní ọjọ́ kejì, kí a sì tètè gbé e dìde láti rìn.

Àwọn tí ń to eegun ní ọgbọ́n tiwọn, ṣùgbọ́n eegun yìí jìn lábẹ́ ẹran. Igi àti aṣọ kò lè mú un dúró. Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe fa ẹsẹ̀ náà, ẹ má sì ṣe wọ́ ọ.
2. Ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì rọra dì wọ́n pọ̀.
3. Ẹ tẹ́ ẹ sí orí pákó nínú ọkọ̀. Ẹ má ṣe gbé e sí orí ọ̀kadà.
4. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí agbára ibẹ̀ kò bá ká a, ẹ béèrè ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin.

Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Ẹ ha ewédò kúrò ní balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná wà ní ọ̀nà tí àgbà ń gbà jáde lóru, ẹ fún un ní ọ̀pá, ẹ jẹ́ kí a yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ń fún ara rẹ̀ lókun. Ìrìn ojoojúmọ́ ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Àwọn àmì wo ni a fi ń mọ̀ pé eegun ìbàdí ti kán? Èéṣe tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ fi léwu? Ọkọ̀ ta ni a lè pè ní àdúgbò yìí bí ó bá ṣẹlẹ̀ lóru?