Ẹ Fi Sùúrù Ka Ìwé Kẹta Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe ní Lanham níjọ́sí. Àbí ẹ rò pé àǹtí tó ń bu ìrẹsì kò létí ni? Ẹ̀ ń bú ìwé kẹta Tomi Adeyemi, Children of Anguish and Anarchy. Ẹ ní ó sá kúrò nílé, ẹ ní òkun ló gbé ìtàn náà lọ. Ọ̀kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ, tilẹ̀ ń fọ́nnu pé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn lòun kọ́kọ́ ṣí. Kí ló ń lé ọ? Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ dúró pẹ́. Oṣù Kẹta 2018 ni ìwé àkọ́kọ́ jáde, èkejì tẹ̀ lé e ní Oṣù Kejìlá 2019, ẹ̀kẹta ò sì yọjú títí di Oṣù Kẹfà 2024. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wà ní DuVal High School lè ti gboyè yunifásítì kó tó rí ìparí ìtàn. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ sí ẹkún o. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ó di 1949 kí Igbó Olódùmarè tó sọ ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ti àkọ́kọ́, fún wa. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni bàbá mi kà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Á máa kà á sókè lálẹ́, ìyá mi á ní kó dákẹ́ kí àwa ọmọ má baà lálàá burúkú. Kò ní pẹ́, ìyá mi náà á yọjú láti ìdáná: “Àgbákò, ẹ̀dá burúkú yẹn, ńkọ́? Kí ló wá ṣe?”

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òkun. Orïsha, ilẹ̀ inú ìtàn náà níbi tí Èkó àti Ìbàdàn wà, ni Zélie, akọni ìtàn, ti ń jà nínú ìwé méjì àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kẹta, àwọn àjèjì tí wọ́n ń pè ní Skulls ti kó òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ òkun. Ẹ ní ìyẹn ò bá ìtàn mu. Ta ló sọ fún yín? Níbo ni Tomi fúnra rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ti pàdé àwọn òrìṣà? Kì í ṣe Òṣogbo, kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀. Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ló ti rí wọn, nígbà tó lọ ṣèwádìí níbẹ̀ lẹ́yìn tó jáde ní Harvard. Ta ló wá gbé Yemọja àti Ọ̀ṣun dé Bahia? Àwọn tí wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀ òkun ni. Ibi tí ìwé kìíní ti wá gan-an ni ìwé kẹta lọ.

Ẹ̀yin náà sì ń gba Annapolis Road lọ ra iṣu. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn tí ẹ ò yà síbì kan, etí omi Annapolis lẹ máa bọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Lord Ligonier já àwọn ẹrú láti Gambia sí ní 1767. Òǹkọ̀wé Alex Haley sọ pé Kunta Kinte, baba ńlá òun, wà lára wọn. Ère Haley jókòó síbẹ̀, ó ṣíwèé lọ́wọ́, ó ń kà á fún ọmọ mẹ́ta. Ẹ kó àwọn àbúrò yín lọ wò ó kí ẹ tó tún sọ fún mi pé ọkọ̀ òkun ò kan ìtàn ọmọ Yorùbá.

Ìwọ olójú-ìwé-ìparí, bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kìíní. Ilé ìkàwé New Carrollton ò jìnnà. Tèmi ò ṣeé yá ẹni tó ń fọwọ́ ọlọ́bẹ̀ ṣíwèé. Bí o bá kà á tán tó o ṣì fẹ́ bú u, wá bá mi. Èmi náà ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá Tomi rò: ìjà pọ̀ jù, wọn kì í jókòó jẹun, orí ìwé kúrú débi pé kí n tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ti òkun yẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.