LẸ́TÀ ỌLỌ́ṢỌ̀Ọ́ ÀTI ORÚKỌ WA: ÀYẸ̀WÒ ÌWÉ ÌPÈ NÍ ÀKÚRẸ́ ÀTI OǸDÓ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí bá irú lẹ́tà kan mu tí a ń rí lára ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìpè ìwúyè àti ìwé ètò ìsìnkú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Lẹ́tà náà tẹ̀ sí ọ̀tún, ó ní ìrù gígùn, èkínní sì di èkejì lọ́wọ́ mú bí ẹni pé kálàmù ni a fi kọ ọ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé bí ó ti wù kí ó rẹwà tó, bí kò bá lè gbé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, kò yẹ fún orúkọ Yorùbá.

1. Orírun rẹ̀
Ìkọ̀wé ọwọ́ àwọn ọ̀gá akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí i Charles Snell, ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ara ìkọ̀wé Snell ni Matthew Carter ti ṣe Snell Roundhand ní 1966. Ed Benguiat ṣe Edwardian Script ní 1994. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ń lo àmì ohùn.

2. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀
Ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ ìlú méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ. Nínú Oǹdó, àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí n aránmú. Nínú Àkúrẹ́, ẹ ìkẹyìn ru ẹrù méjì: àmì lábẹ́, àmì lórí. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn ka orí ẹ. Bí ẹni tí ó ṣe lẹ́tà náà kò bá pèsè ibi tí àmì yóò jókòó sí, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí ẹ rárá, kọ̀ǹpútà á yá a lára irú lẹ́tà mìíràn. Orúkọ á wá dà bí ẹnu tí eyín kan yọ.

Nítorí èyí, àwọn mìíràn a yọ àmì kúrò pátápátá. Ta ni yóò wá mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko? Ti ìwé ìsìnkú tilẹ̀ burú jù: òkú kò lè tún orúkọ ara rẹ̀ kọ.

3. Bí ó ṣe yẹ kí á lò ó
(i) Kí á fi Àkúrẹ́ àti Oǹdó dán an wò kí á tó yàn án.
(ii) Kí á fi í kọ orúkọ àti àkọlé nìkan. Kí ọjọ́, aago àti ibi ìpàdé wà ní lẹ́tà gbọọrọ tí ojú àgbà lè kà.
(iii) Kí á má ṣe fi lẹ́tà ńlá rẹ̀ kọ odidi ọ̀rọ̀, nítorí kò ní ṣeé kà.
(iv) Kí àlàfo tó pọ̀ wà láàrin ìlà, kí ìrù lẹ́tà òkè má baà gún àmì ohùn ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni ará ilé ń pè pé kí á wá wo ìwé ìpè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ kí á tó yan lẹ́tà fún un.