Sàká àti Ẹni tí Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Ìbéèrè kan tó fa àríyànjiyàn nínú ìgbìmọ̀ Sàká ló bí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sàká?

Opó ni, ẹja ló ń yan tà létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ níhìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà nínú ìwé ọmọ òrukàn wa. Nígbà tí èyí ẹ̀gbọ́n kò wá sí ilé-kéwú mọ́ la wádìí, a sì gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá ìyá jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa oògùn sí i lára. Irun orí rẹ̀ ti re tán, ẹnu rẹ̀ korò. Òórùn ẹja tó fi ń bọ́ ọmọ, tó bá ti gbọ́ ọ, èébì á máa gbé e. Ọmọ náà ló ń tẹ̀ lé e lọ gba ìtọ́jú.

Ibùdó jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019 kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn ti mú lágbára, báwo ni yóò ṣe máa fò mọ́ dáńfó láti Bàríga dé Yábàá, kí ó tún wọ òmíràn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kún yàrá rẹ̀ láti kí i. Oògùn yìí ń sọ ara di aláìlè-bá-àrùn-jà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọsibítù ni kí ó sáré lọ, kì í ṣe kẹ́mísì.

Nínú Sūratu Tawbah, áyà 60, Ọlọ́hun ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí Sàká tọ́ sí. Kò dárúkọ aláìsàn. Ó dárúkọ tálákà, aláìní àti onígbèsè, àìsàn yìí sì ti sọ ọ́ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣọ́ọ̀bù wà lóòótọ́, títì ló wà. Àgbá tí a fi ń yan ẹja kì í sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀ lójú òfin Sàká. Lójú tèmi, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni kí a fi owó náà sí, nítorí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kò sí nínú ìwé owó ọsibítù.

Àwẹ̀ Rámádáánì ló kọ́kọ́ bi mí, kì í ṣe owó. Mo sọ fún un pé Sūratul Baqarah, áyà 184 àti 185, yọ̀ǹda kí aláìsàn ṣínu, kí ó san án padà tí ara bá yá.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ọmọ náà ti padà sí ilé-kéwú. Ìtọ́jú onítànṣán yóò bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Arábìnrin márùn-ún la ń wá, ẹnì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa bá a lọ bá a bọ̀.