DÚRÓ NÍ ÌTA

Kà: Deutarónómì 24:10-13
Àkọ́sórí: Òwe 11:13

Olùfẹ́, o wà nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. O gbéra láti Ajah, ẹ sì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Jákàńdè. Fóònù rẹ dún. Nọ́ńbà tí o kò mọ̀ ni. Àwòrán arábìnrin kan tí ẹ jọ ń jọ́sìn ni wọ́n fi ránṣẹ́; wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, ó yáwó, ó sì sá lọ. Ìwọ kọ́ ni o yá a lówó, o kò sì ṣe onídùúró fún un. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Bóyá onílé rẹ̀ ní Badore ń béèrè owó ọdún tuntun. Áàpù kan lórí fóònù ní òun yóò yá a lówó láìgba ohun ìdógò kankan. Áàpù náà kàn ní kí ó gba òun láàyè láti wo orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Ìdààmú kò jẹ́ kí ó kà á dáadáa. Ó tẹ "Allow". Kò mọ̀ pé ohun ìdógò wà níbẹ̀: orúkọ rere òun ni, àti nọ́ńbà ìwọ.

Wo ohun tí Ọlọ́run sọ nípa èyí nínú òfin Mósè. Ẹni tí ó yáni lówó kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbèsè lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni kí ó dúró sí, kí onílé fúnra rẹ̀ gbé e jáde fún un. Gbèsè kò sọ ilé onígbèsè di ilé olówó. Lónìí, fóònù ti di ilé. Àwòrán àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ìyá wa àti ọ̀rọ̀ àṣírí wa pẹ̀lú.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìwà yìí. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò sí onígbèsè. Ológò a wọlé láìgba àṣẹ, a mú adìyẹ tí ó bá kọ́kọ́ rí pa jẹ, a sì máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi san owó náà. Ológò kò tíì kú o! Inú fóònù ni ó kó lọ.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde pé kí àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ tí ó wà lórí Play Store láàyè mọ́ láti wo nọ́ńbà àti àwòrán oníbàárà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa olúkúlùkù ènìyàn ní Nàìjíríà.

Òfin lè mú ilé-iṣẹ́. Ta ni yóò mú àtàǹpàkò rẹ? Ìtìjú tí wọ́n fẹ́ fi kan arábìnrin yẹn kò lè rìn jìnnà bí ìwọ kò bá bá wọn gbé e. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Òtítọ́ ni pé ó yẹ kí a san gbèsè. Orin Dáfídì 37:21 kò fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè kì í ṣe olè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olè, a kò rán ọ ní iṣẹ́ ológò.

Ohun tí ìwọ yóò ṣe: Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ tàbí aya rẹ. Pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìkọ̀kọ̀. Bi í bóyá ó ti jẹun. Bí ó bá fẹ́ fẹjọ́ sun FCCPC, bá a tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí ìwọ náà bá sì fẹ́ yáwó, rántí pé nọ́ńbà ọmọnìkejì rẹ kì í ṣe tìrẹ láti fi dógò.

Àdúrà: Baba, pa àṣírí mi mọ́, kí O sì sọ mí di ẹni tí ó ń pa àṣírí ọmọnìkejì mọ́. Gbèsè tí ń dójú tini, Olúwa, mú un kúrò ní ilé mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.