Ọ̀dà Kì Í Pẹ́ Bó Lára Ògiri Mi

Ìbéèrè: Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni mo háyà ní Barnawa, Kaduna. Ọdọọdún ni mò ń kun pálọ̀, síbẹ̀ ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri kì í pẹ́ bó. — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Ìbejì. Ọ̀dà kọ́ ló jẹ̀bi, ó jọ pé omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri. Bí wọn kò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ilé nígbà ìkọ́lé, búlọ́ọ̀kù á máa fa omi mu. Ẹ họ ọ̀dà tó ti wú kúrò, ẹ sún àga jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì jẹ́ kí ọyẹ́ mú un gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni ọyẹ́ Kaduna, ẹ lò ó! Ọ̀dà olómi ni kí ẹ wá kùn, torí olóróró tó ń dán á há omi mọ́nú. Bí ibẹ̀ bá ṣì tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bóyá páìpù ló ń jò. Ẹ pe púlọ́ńbà. Tí ògiri bá ń sán, ẹ pe ẹnjiníà ilé. Kí ẹ tó fọ́ ohunkóhun, ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Òun ló sábà máa ń náwó sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.