Ẹ Gbé Eré Yín Jáde Sígboro

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ eré ní àwọn iléẹ̀kọ́ gíga Ẹdẹ, mo gbọ́ pé eré yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń ṣe é, ẹ̀yin náà lẹ ń wò ó. Ìyá tó ń ta gààrí ní Ọjà Tìmì kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ kò lè sọ pé olùkọ́ lẹ kò rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ahmed Yerima, tí eré rẹ̀ *Hard Ground* gba ẹ̀bùn NLNG, ti kọ́ni ní Yunifásítì Redeemer's níbí. Ará ìlú ló kù tí ẹ kò tíì pè.

Ìtàn ìlú wa náà ńkọ́? Ta ló gbé ìtàn Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tó tẹ Ẹdẹ dó, dé òkè òkun? Kì í ṣe ọmọ Ẹdẹ. Dúró Ládípọ̀ ni, tíṣà, ọmọ Òṣogbo. Ó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún orin Àjíǹde ní 1961, àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Lọ́dún kejì, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tó fẹ́ràn àṣà Yorùbá, sọ ilé ọtí Ládípọ̀ di gbàgede àṣà Mbárí Mbáyọ̀. Ó ṣe *Ọba Kòso*, eré Ṣàngó tí Tìmì wà nínú rẹ̀, ní 1963, wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964. Kí Beier tó dé Òṣogbo, ó ti gbé Ẹdẹ wa níbí rí, nígbà ayé Tìmì Adétóyèsè Láoyè, ọba onígbàgbọ́ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún.

Nínú *Ọba Kòso* nígbà náà, bí Ládípọ̀ bá jáde bíi Ṣàngó, bàtá á ti kì í kó tó la ẹnu, iná á sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Tìmì tiwa: Gbọ̀nńkà, jagunjagun Ṣàngó, pọfọ̀, Tìmì sùn lọ fọnfọn, wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́! Ọmọ Ẹdẹ wo ni ìyẹn ò ní dùn dé egungun? Ládípọ̀ kò jẹ̀bi. Ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Tiyín dà?

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ bá àwọn àgbà láàfin àti ìdílé àwọn onílù, ẹ jókòó, ẹ bi wọ́n. Bí onílù bá ní ìlù tí ẹ mú kọ́ ni wọ́n ń lù fún Tìmì, ẹ má bá a jiyàn torí pé ẹ ní ìwé lọ́wọ́. Ẹ máa fi eré dánra wò nínú agboolé lálẹ́, níbi tí àwọn ìyá á ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu pé, "Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀!" Ẹni tó bá ti tún ọ̀rọ̀ yín ṣe lẹ́ẹ̀kan, á mú ará ilé rẹ̀ wá wò ó.

Owó onílù ńkọ́? Ẹ san án kí eré tó bẹ̀rẹ̀.